Ẹyẹ Tí A Kì Í Lé

Pẹpẹ tí mo ń gbé lójúmọ́ kò ju ìbú ẹní kan lọ. Igi mẹ́rin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ́ ọparun sórí rẹ̀, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nítorí oòrùn àti òjò. Láti ibẹ̀ ni okùn ti nà lọ sí gbogbo ìhà oko ìrẹsì. Agolo mílíìkì àti agolo tòmátì wà lára okùn kọ̀ọ̀kan, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà nínú agolo. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ nígbà tí ìrẹsì ń gbó kò gbọdọ̀ kúrò láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí ẹyẹ yóò fi lọ sùn. Bó bá fẹ́ tọ̀, kó tètè ṣe é. Bó bá fẹ́ jẹun, kó máa fi ọwọ́ kan jẹ, kó máa fi èkejì fa okùn.

Èmi ni mo jókòó síbẹ̀ lọ́dún tí mo jáde ilé ìwé girama.

Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Àkúrẹ́ sì ni gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìjọba wà. Bàbá mi ń ṣe tísà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, ìyá àgbà mi, ló ni oko náà. Ó wà lápá ọ̀nà tó ti Aramọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n, lẹ́yìn oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sún mọ́ odò. Ìyá àgbà fẹ́ràn ahéré tó wà níbẹ̀ ju ilé rẹ̀ nílùú lọ. Ìgbà ìrẹsì nìkan ló máa ń gbà kí ẹnìkan wá bá òun gbé, torí iṣẹ́ ẹyẹ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan.

Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́, wọ́n sì ti pè mí fún intafíù. Ọjọ́ tí wọ́n dá bọ́ sí ìgbà tí ìrẹsì á ṣì wà lóko. Bàbá mi ní òun á wá mú mi bó bá ku ọjọ́ díẹ̀. Mo ti di ẹrù mi sínú báàgì kan, mo gbé e há abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lórí pẹpẹ, níbi tí mo ti ń rí i.

Láti òkè pẹpẹ, òkè Ẹ̀fọ̀n ni mo ń rí níwájú, oko kòkó ni mo ń rí lẹ́yìn. Mo máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù lójú títì, pàápàá ìgbà tó bá ń gun òkè, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀kan rí. Mo kàn máa ń gbọ́ wọn títí wọ́n á fi lọ. Lẹ́yìn náà, agolo ni.

Ẹyẹ tó ń jẹ ìrẹsì kò ṣòro láti mọ̀ bó bá jẹ́ akọ. Akọ ẹ̀ga dúdú lórí, ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ariwo rẹ̀ nìkan sì tó. Òmíràn tún wà tí akọ rẹ̀ máa ń pọ́n bí epo ní ìgbà òjò, tí ikùn rẹ̀ dúdú, tó máa ń wú lórí koríko bí ẹni wọ aṣọ tuntun. Sójà ni ìyá àgbà ń pè é. Wàhálà wà lọ́dọ̀ àwọn abo. Abo ẹ̀ga, abo sójà àti àwọn ọmọ wọn, àwọ̀ ewé gbígbẹ ni gbogbo wọn, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn wọn, àyà wọn sì rí rúsúrúsú. Bí oòrùn bá kọjú sí ọ, ẹyẹ kan náà ni gbogbo wọn.

Ohun tó wá burú jù ni pé ẹ̀kẹta wà tó wọ irú aṣọ kan náà tí kì í jẹ ìrẹsì rárá. Kòkòrò ló ń jẹ. Á wọ abẹ́ ìrẹsì, á máa ṣa àwọn kòkòrò tí wọ́n ń jẹ ìdí rẹ̀. N kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbòmíràn. Ọ̀rẹ́ ni ìyá àgbà ń pè é, ó sì ní òfin lórí rẹ̀.

“Bóo bá rí olè, pariwo,” ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé. “Bóo bá rí ọ̀rẹ́, dákẹ́. Má fa okùn, má kígbe. Bóo bá lé e lọ, ìwọ lo máa wá jẹ kòkòrò ọ̀ún, akọ̀wé.”

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀, màmá?”

“Ṣé wọn ò kọ́ yín níléèwé ni?”

Ó kọ́ mi. Abo ẹ̀ga wúwo. Bó bá bà lé ṣírí ìrẹsì, ṣírí náà á tẹ̀ wá sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ sì máa ń pọ́n díẹ̀ bí ẹni tó fara kan epo. Abo sójà kì í jókòó sórí ṣírí. Ẹ̀gbẹ́ igi ìrẹsì ló máa ń dì mú, ìrù rẹ̀ kúrú, ilà funfun kan sì wà lókè ojú rẹ̀ bí ìpéǹpéjú ẹni tó kun àtíkè. Ọ̀rẹ́ kéré sí i díẹ̀, àtàrí rẹ̀ pọ́n bí obì, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹ̀gún. Ìrù rẹ̀ kì í sinmi: á gbé e sókè, á tẹ́ ẹ, á pa á dé. Bó bá sì fò, á lọ sókè ṣáá, á wá já bọ́ sínú ìrẹsì bí ìgbà tí wọ́n já okùn rẹ̀.

Mo ṣe àṣìṣe púpọ̀. Mo lé ọ̀rẹ́ lọ, mo dákẹ́ fún olè tó jẹun yó lójú mi. Ìyá àgbà máa ń wà nísàlẹ̀, lápá odò, pẹ̀lú kànnàkànnà rẹ̀. Bí mo bá ti pariwo “Hóò! Olè!”, tí mo sọ ìhà ibi tí ó wà, òkúta tirẹ̀ á fò lọ síbẹ̀. Mo rò pé tìtorí kí n lè tètè mọ iṣẹ́ ló ṣe fi ariwo náà lé mi lọ́wọ́.

Ó tún máa ń dẹ àtè sórí àwọn ọ̀pá tó rì yí etí oko ká. Ẹyẹ tó bá bà lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, apá rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn bó bá ń jà. Ìyá àgbà á wá já a, á dì í mú, á kọ ojú sí ibòmíràn bí ẹni tó ń ro nǹkan, á sì fi àtàǹpàkò nu ẹnu rẹ̀. Bí ẹnu náà bá nípọn, ọrùn rẹ̀ lọ nìyẹn, ọbẹ̀ ni. Bó bá tín-ín-rín, á jókòó tì í, á ta epo pupa sí òwú, á máa fi nu àtè kúrò ní ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa bá a wí.

“Ta ló ní kóo bà síbẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi, o ò gbọ́n. Gbé apá yìí sókè. Òkejì.”

Yóò wá là á ní ọwọ́. Ẹyẹ náà á dúró díẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí epo ti rin ín, kò ní mọ̀ pé òun lè lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo rí i láti orí pẹpẹ tó dúró pẹ́ síwájú ọ̀pá àtè kan. Ó na ọwọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, ó fà á sẹ́yìn.

“Akọ̀wé! Ṣé o sùn ni? Abo ẹ̀ga kan ti ń jà lórí àtè látàárọ̀, o kò rí i. Sọ̀ wá kóo wá já a.”

Ewé kòkó gbígbẹ ni. Afẹ́fẹ́ gbé e wá, ó lẹ̀ mọ́ àtè, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Lórí ọ̀pá kejì, níbi tí èjìká ìyá àgbà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, abo ẹ̀ga gidi kan wà tí àtè ti mú, tí jíjà ti sú, tó kàn dákẹ́ tó ń wò ó.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo já ewé náà, mo fi sí i lọ́wọ́. Ó rún un.

“Ewé ni, màmá.”

“Mo mọ̀ pé ewé ni. Ṣé mo ní kóo sọ fún mi ni?”

Ẹ̀ga bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí ìrẹsì lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ wọn, n kò yí padà. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹyin ojú méjèèjì ti funfun láàárín bí ẹ̀kọ tí wọ́n là.

“Láti ìgbà wo?” ni mo bi í.

“Láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí. Mò ń rí ìmọ́lẹ̀. Mò ń rí ohun tó bá ń mì. Èyí tó bá dúró jẹ́ẹ́, kò sí níbẹ̀.” Ó gbọn ewé kúrò lọ́wọ́. “Tísà ò gbọdọ̀ gbọ́.”

Bàbá mi ló ń pè ní Tísà, ọmọ rẹ̀ tó bí nínú. Mo mọ ìdí tó fi bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà kan wà tí ojú rẹ̀ fọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú kan, kò là, wọ́n sì fi í sí yàrá kan tó dára. Bẹ́ẹ̀dì àti ẹnu ọ̀nà nìkan ló mọ̀ níbẹ̀. Ó máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun jókòó síta, wọ́n á ní gọ́tà wà níta. Ìyá àgbà lọ wò ó nígbà kan, kò sì lọ mọ́.

“Lóko yìí, mo mọ ibi tí gbogbo gbòǹgbò wà,” ló sọ. “Mo mọ ẹyẹ nípa ohùn, mo sì mọ̀ ọ́n nípa ẹnu. Èyí tí kò bá fọhùn, ìwọ lo máa ń sọ ọ́ fún mi. Gun pẹpẹ rẹ lọ. Wọ́n ti ń jẹ wá tán.”

Mo gun un. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí ariwo mi wà fún.

Bàbá mi dé lọ́jọ́ Sátidé, kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo ní láti wà ní Àkúrẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ojú títì, ó ń fi áńkáṣífù nu awò ojú rẹ̀. N kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe tèmi nìkan ló bá wá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Aramọkọ ti sọ fún un pé ìyá wọn kí ìyàwó ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó pè é ní ọmọ òun.

“Màmá,” ni bàbá mi wí lẹ́yìn tó ti mu omi tán, tí mo sì ti padà sórí pẹpẹ, “mélòó nìyí?” Ó na ìka sókè.

“Ṣé ọmọ jẹ́léósinmi ni mo dì? Jẹ́ kí n lọ wá síléètì.”

“Ẹ má bínú. Mo fẹ́ mọ̀ bójú yín ṣe rí ni. Bó bá dáa, màá mú ọmọ yìí lọ lónìí, ẹ̀yin á máa ṣọ́ èyí tó kù. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó tán. Bí kò bá dáa, gbogbo wa la jọ máa lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹyẹ jẹ ìrẹsì. Mo ti tún yàrá kan ṣe.”

Nígbà tó sọ pé ó ti tún yàrá kan ṣe, ìyá àgbà di ìdí kànnàkànnà rẹ̀ mú.

“Urẹsì ni uṣẹ́ mi, kì í ṣe ìka,” ló wí. “Ohun tó bá kan uṣẹ́ mi ni kóo bi mí.”

Bàbá mi wò yíká. “Ó dáa. Ẹyẹ wo ló wà lórí ọ̀pá yẹn?”

Abo sójà ni. Ó dákẹ́.

“Akọ̀wé, fa okùn kí n wo bó ṣe máa lọ,” ni ìyá àgbà wí, bí ẹni tí ìbéèrè náà ò tó nǹkan. Mo fa á. Ẹyẹ náà dún bó ṣe ń fò. “Abo sójà. Olè paraku.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Èmi tí mo ń lo awò, n kò mọ̀ ọ́n. Èyí ńkọ́?”

Ó na ọwọ́ sí kùkùté kan tó wà láàárín ìrẹsì. Ẹyẹ kékeré kan jókòó sórí rẹ̀, aláwọ̀ ewé gbígbẹ. Mo fa okùn. Agolo hó. Kò fò. Mo tún fà á. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, kò dún, kò mì.

Ìyá àgbà kọ ojú síbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún un.

Oòrùn wà lẹ́yìn ẹyẹ náà. N kò lè rí ilà ojú rẹ̀, n kò lè rí àtàrí rẹ̀. Kò sí lórí ṣírí kí n wo bí ṣírí ṣe máa tẹ̀. Bàbá mi ń dúró. Mo ronú kan ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì, báàgì mi tó wà lókè, yàrá tí wọ́n ti tún ṣe. Bí ìyá àgbà bá mọ̀ ọ́n, màá lọ lónìí. Bó bá ṣì í, màá lọ lónìí náà. Ọ̀nà méjèèjì ló ṣí fún èmi.

Ìrù rẹ̀ tẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pa dé.

Mo ti gbé ọwọ́ sórí okùn láti tún fà á. Mo gbé e kúrò. N kò pariwo. Mo jókòó bẹ́ẹ̀, mo dákẹ́, mo sì jẹ́ kí ìdákẹ́ náà pẹ́.

“Ọ̀rẹ́ ni,” ni ìyá àgbà wí. “A kì í lé ìyẹn. Ìwọ Tísà, o fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kòkòrò?”

Àfi bí ẹni pé ẹyẹ náà gbọ́. Ó lọ sókè ṣáá, ó já bọ́ sínú ìrẹsì.

Bàbá mi pàtẹ́wọ́. “Ojú yín mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ! Àwọn obìnrin yìí àti òfófó wọn.” Ó yí sí mi. “Ó yá, gbé báàgì rẹ. Bí a bá tètè jáde, a máa rí ọkọ̀.”

Mo gbé báàgì náà sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé e dé ibi tí ọ̀nà ti wọ inú oko kòkó, bàbá mi sì wà níwájú. Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá àgbà ń gun pẹpẹ. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá igi tí ó máa tẹ̀, ó tẹ òfìfo, ó tún wá a.

“Bàbá,” ni mo wí, “ẹ jẹ́ kí n dúró títí a ó fi kórè.”

“Kí lo wí?”

“Mo fẹ́ dúró.”

“Olúwa ò! Ìwọ tóo sunkún torí fọ́ọ̀mù yìí? Ṣé ẹnìkan wà lábúlé yìí tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni? Ọkùnrin ni?”

“Rárá o, bàbá.”

“Kí ló wá dé?”

N kò ní ìdáhùn kan tí kò ní gbé ìyá àgbà lọ sí Àkúrẹ́. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ìyá àgbà gbọ́ wa láti òkè, ó kígbe pé kí n lọ, kí ni mo ń dúró ṣe, ṣé òun ló bí mi ni? Bàbá mi wá sọ pé òun kò ní tún bẹ ọmọ tí òun bí láti ṣe ara rẹ̀ lóore. Ó lọ. Mo gbé báàgì mi padà.

Ẹyẹ lọ sùn, èmi àti ìyá àgbà sì padà sí ahéré. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́.

“Ta ló bẹ̀ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.”

“Ṣé o rò pé màá dúpẹ́ ni?”

“Rárá, màmá.”

Ó fọwọ́ wá abọ́ náà, ó fà á mọ́ra. “Mo fẹ́ kóo lọ. Mo sì fẹ́ kóo dúró. Má bi mí èyí tó pọ̀ jù.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀ lójú títì. Mo gbọ́ gbogbo wọn. Lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí mo rò pé wọ́n á ti máa pe orúkọ, ẹ̀ga bo oko bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n, mo sì fa okùn títí awọ àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Mo pariwo olè, olè, sí ẹyẹ tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀. Ìyá àgbà ju òkúta tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun.

A kórè. Bàbá mi wá pẹ̀lú ọkọ̀ tó máa kó ìrẹsì, kò sì bínú mọ́. Ó ní wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà mọ́ ara ògiri, pé kí n gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́, ìrẹsì sì tún wà lóko. Bàbá mi mọ̀ nígbà náà. Ó wò ó, ó wo èmi, kò sọ̀rọ̀ yàrá, kò sì tún mú fọ́ọ̀mù wá. Oko yẹn ni ìyá àgbà wà títí ó fi kú, èmi náà wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo lọ́kọ sí Ìjerò. N kò di nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìkórè àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí ọyẹ́ ti dé, a jókòó síwájú ahéré lọ́jọ́ kan. Òkè Ẹ̀fọ̀n ti pòórá nínú kùrukùru. Kò sí ìrẹsì mọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń ṣọ́, síbẹ̀ ọwọ́ mi ṣì máa ń wá okùn. Ẹyẹ kan bà lé ọ̀pá àtè tó ti gbẹ. Ó dákẹ́. Ìyá àgbà gbọ́ bíbà rẹ̀.

“Èwo ni?” ló bi mí. Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí, ní gbangba.

Mo wò ó. Ní àsìkò náà, akọ sójà ti bọ́ aṣọ pupa rẹ̀, ó ti wọ ti abo. Gbogbo wọn ti di aláwọ̀ ewé gbígbẹ. Mo wo ìrù, mo wo ẹnu, mo wá ilà ojú. Ọyẹ́ bo gbogbo rẹ̀.

“N kò mọ̀, màmá.”

“Ṣé kì í ṣe ọ̀rẹ́?”

“N kò mọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. “Nígbà tí mo ní ojú, èmi náà kì í mọ̀ ọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé,” ló wí. “Dákẹ́ fún un bẹ́ẹ̀.”

Mo dákẹ́ fún un. A jọ jókòó títí ó fi fò lọ, kò sì dún.